Tọ́pà Wo Ló Yẹ Ẹni Tí Ooru Máa Ń Mú Lóru?

Bí oṣù kejì bá ti wọlé tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tí kò mọ irú òru tí mò ń sọ. Ọ̀sà wà nítòsí wa, láti Ìpakodò títí dé Báyékù, ọ̀rinrin rẹ̀ sì wà nínú afẹ́fẹ́ ìlú yìí tọ̀sán-tòru. Ọ̀sán lè gbóná dé nǹkan bí dígíríì 33, òru kì í sì í sábà tutù ju dígíríì 24 tàbí 25 lọ. Nínú irú òru bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wa máa ń jí ní aago 2 pẹ̀lú aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, nígbà tí ẹni tó sùn tì wọ́n ṣì ń hanrun. Àwọn tó ń ta fóòmù ti wá ń gbé ọjà kan jáde fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tọ́pà, èyí tí í ṣe ìtẹ́lé tó nípọn tó ínṣì 2 sí 4, tí a ń tẹ́ lé orí fóòmù tí a ti ní tẹ́lẹ̀ kí a tó wá tẹ́ aṣọ lé e. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń rà á má ṣe wo bí ó ṣe tutù tó nígbà tí a fọwọ́ kàn án ní ṣọ́ọ̀bù; kí ó wo ibi tí ooru ara àti òógùn yóò gbà jáde nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá ti lọ tí fáànù sì ti dúró.

Ara ènìyàn kì í sinmi ooru ṣíṣe, bí ó tilẹ̀ sùn. Àgbàlagbà tó sùn fọnfọn ń tú ooru jáde tó nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 70, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gílóòbù pupa àtijọ́. Bí ẹni méjì bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan, gílóòbù méjì ló ń jó níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí oorun tó lè wọra dáadáa, ara ní láti dín ìgbóná inú rẹ̀ kù tó nǹkan bíi dígíríì 1, ọ̀nà tó sì ń gbà ṣe é ni pé ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sí awọ ara, pàápàá sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ooru lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Bí ìyẹn kò bá tó, òógùn a jáde, bí òógùn náà bá sì ṣe ń gbẹ ni yóò máa gbé ooru lọ. Gbígbẹ rẹ̀ ló ń mú ara tutù. Òógùn tó kàn ń ṣàn sílẹ̀ tàbí tó rin aṣọ kò ṣe ara ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin ti kún inú rẹ̀, òógùn kì í tètè gbẹ àyàfi bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, ìdí nìyí tí fáànù fi ń tù wá lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dín ìgbóná yàrá kù rárá. Ṣùgbọ́n apá ara tó kọjú sókè nìkan ni fáànù lè dé. Ẹ̀yìn, ìbàdí àti èjìká tí a fi lélẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ kankan àfi èyí tí ohun tí a sùn lé bá gbà láyè láti kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ tọ́pà wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú owó jáde, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò, kí ó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ ilé, ní Ìgbógbó àti ní Ìmọ̀ta, tí fóòmù wọn ti pẹ́ nílé ṣùgbọ́n tí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, kí ó má baà dọ̀tí, kí ìtọ̀ ọmọ má sì wọ inú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ yé mi, nítorí fóòmù kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ọ̀rá kò gba afẹ́fẹ́ láyè, kò sì gba òógùn láyè, ẹni tó bá sùn lé e, inú omi ara rẹ̀ ló sùn sí. Bí a bá tẹ́ tọ́pà tó dára jù lọ sí orí ọ̀rá, ọ̀rinrin tó bá gba inú tọ́pà náà kọjá yóò kan dúró sórí ọ̀rá ni, kò ní rí ibi lọ. Ẹ bọ́ ọ̀rá náà kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan ná, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ ṣì nílò tọ́pà rárá. Àwọn kan yóò rí i pé àwọn kò nílò rẹ̀ mọ́, owó wọn a sì dúró sápò.

Ẹ tún wo abẹ́ fóòmù. Bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà fi pátákó pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú fóòmù rí ọ̀nà jáde, nígbà tí èyí tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kàn, tí àlàfo wà láàrin wọn, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ kọjá. Àwọn tó tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ tutù kò ṣìṣe ní ti òtútù náà, àmọ́ abẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀ a máa rin, a sì máa hu èbu. Ní ti yàrá tó wà lábẹ́ páànù láìní àjà gidi, tàbí tí ògiri búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ooru tí páànù àti ògiri ti fà mu láti ọ̀sán ni wọn yóò máa tú sílẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́. Kò sí tọ́pà tó lágbára lórí ìyẹn. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sún bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí ògiri náà, kí a sì nu eruku kúrò lójú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, nítorí nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí fèrèsé tí a tì.

Nínú ilé tiwa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ooru ń dà láàmú jù lọ, nítorí wọ́n ti wà ní ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró, àwọn ni mo sì tẹ̀lé lọ sí Sábó láti wo ohun tí àwọn onífóòmù ní. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé ọ̀kan síwájú wa tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù, tó sì ń dán. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fọwọ́ kàn án ná. Ó tutù, àbí kò tutù?” Ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ojú wọn sì tàn, nítorí ó tutù lóòótọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì gbé ọwọ́ náà kúrò. A ń bá ọmọkùnrin náà ná ọjà, a ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níbi tí ó wà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ o.” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọwọ́ yín ló gbóná, Mọ́mì.” Òótọ́ ló sọ, ọwọ́ wọn gbóná, ara tó gbóná la sì ń ra tọ́pà fún.

Jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi sínú irú tọ́pà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì wúwo ju fóòmù lọ, ooru sì máa ń tètè wọ inú rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń rí i bí ohun tútù nígbà tí ara bá kọ́kọ́ kàn án. Kò sì ní ibòmíràn tí ó ń gbé ooru náà lọ. Nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá ti bá ti ara dọ́gba, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ní ojúkan yẹn, àyàfi bí olúwarẹ̀ bá yí sí ibòmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí yóò ti tún rí ìtura fún ìgbà díẹ̀. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, jẹ́ẹ̀lì lè tú ooru tó gbà sínú afẹ́fẹ́ tútù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibo ni yóò tú u sí?

Oríṣi mìíràn wà tó gbówó lórí ju ti jẹ́ẹ̀lì lọ, tí wọ́n fi irú ìda kan sínú aṣọ rẹ̀, tí wọ́n pín ìda náà sínú èèpo kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Bí ara bá mú ìda náà gbóná, a yọ́, yíyọ́ rẹ̀ ló sì ń gba ooru mọ́ra. Bí yàrá bá tutù, a tún dì, a sì tú ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi dígíríì 28 ni a sábà ń ṣe irú ìda bẹ́ẹ̀ láti yọ́, nítorí yàrá tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Yàrá òkè tó wà lábẹ́ páànù ní àdúgbò Agric lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní aago 10 alẹ́ nínú oṣù kẹta, ìda náà yóò sì ti yọ́ tán kí olúwarẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Ìda tó ti yọ́ tán kò ní ooru tí yóò tún gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi tí ó bá kọ́kọ́ dì padà, kò sì ní dì padà nínú irú yàrá yẹn títí di àárọ̀. Ẹni tó ní sólà àti bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù di òwúrọ̀ lè rà á, yóò sì gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń wo ojú iná bíi tèmi, kí ó fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn.

Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ ni mẹ́mọ́rì fóòmù, òun náà sì ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tí ooru ń mú yẹra fún. Ní 1966 ni Charles Yost, tó ń ṣiṣẹ́ fún NASA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú fóòmù yìí, kí ìjókòó inú ọkọ̀ òfurufú lè túbọ̀ rọrùn fún ẹni tó jókòó lé e, kí ó sì dáàbò bò ó bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ òógùn kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ooru ara ló ń mú irú fóòmù yìí rọ̀: ibi tí ara bá ti kàn án a rọ̀, a jìn, a sì gbá ara mọ́ra. Ẹni tí egungun ìbàdí tàbí èjìká ń ro yóò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí gan-an, n kò sì lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Àmọ́ bí ó ṣe gbá ara mọ́ra náà ni ó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ó túbọ̀ ń jìn, tí apá ara tó pọ̀ sí i sì ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ti ń lu ihò sí i lára, wọ́n sì ń po ìyẹ̀fun bàbà mọ́ ọn. Èyí ń dín ìṣòro náà kù, kì í mú un kúrò. Orúkọ yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára ọ̀rá rẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Bí àmì ọwọ́ yín bá ṣì wà níbẹ̀, tó ń rọra pòórá, mẹ́mọ́rì fóòmù ni.

Látẹ́ẹ̀sì ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi yàn, òun náà ni n ó sì yàn fún ara mi. Oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe é, igi tí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí oko rẹ̀ wà ní Ẹdó àti Delta, ó wà ní Oǹdó àti Ògùn pẹ̀lú. Ní 1929 ni àwọn òṣìṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi ẹ̀rọ lu oje náà títí yóò fi hó, kí wọ́n sì sè é títí yóò fi di fóòmù tó dúró; títí di òní, Dunlop ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, ọ̀nà kejì tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ti ń mú oje náà dì bíi yìnyín kí wọ́n tó sè é, ni wọ́n ń pè ní Talalay. Ti Talalay máa ń fúyẹ́ díẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ ju ti Dunlop lọ, ṣùgbọ́n ní ti ooru, n kò rí ìdí tí ènìyàn fi ní láti san owó gọbọi lórí ìyàtọ̀ àárín wọn. Ohun tó yẹ kí a wò ni ihò. Nínú àwo tí wọ́n ń da oje náà sí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ló nà sókè kí ooru ìsè lè dé àárín gbùngbùn rẹ̀ dọ́gba, ibi tí irin wọ̀nyẹn bá wà ló sì ń di ihò tí à ń rí lójú látẹ́ẹ̀sì. Nítorí ìsè ni wọ́n ṣe fi irin síbẹ̀. Àwa tí ooru ń mú la wá ń jẹ èrè rẹ̀.

Bí ènìyàn bá yí ara padà lórí látẹ́ẹ̀sì, ibi tí ó fi sílẹ̀ a ta sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìdúró de ooru tàbí òtútù, fífún àti títa bẹ́ẹ̀ sì ń lé afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń lé e jáde láti inú àwọn ihò náà. Orí rẹ̀ ni ara máa ń wà, kì í rì sínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo gbé ẹnu mi lé ojú látẹ́ẹ̀sì tó nípọn tó ínṣì 2, mo sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀gbọ́n mi sì fi àtẹ́lẹwọ́ sí òdìkejì rẹ̀. Wọ́n ní, “Atẹ́gùn ẹ ń kàn mí lọ́wọ́.” A ṣe bákan náà pẹ̀lú mẹ́mọ́rì fóòmù tí ìnípọn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde, kò sí ohun tó dé ọwọ́ wọn. Ọmọkùnrin tó ń tajà náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ tirẹ̀ wò, ó sì mi orí. Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí láìná kọ́bọ̀, kò sì sí olùtajà tó yẹ kí ó bínú sí i, bí ẹ bá ti fi aṣọ mímọ́ tẹ́lẹ̀ lójú rẹ̀.

Aléébù látẹ́ẹ̀sì kò ṣe é fi pamọ́. Owó rẹ̀ ga ju ti fóòmù lásán lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ó wúwo: èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú-lóòró tó sì nípọn tó ínṣì 2 lè wọn kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí fóòmù lásán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju kílò 4 tàbí 5 lọ. Ìwúwo náà dára fún àyẹ̀wò, nítorí àwọn kan ń lu ihò sí fóòmù lásán, wọ́n sì ń tà á ní owó látẹ́ẹ̀sì; bí ọmọdé bá lè fi ọwọ́ kan gbé tọ́pà náà dání, kì í ṣe oje rọ́bà. Ó tún máa ń rùn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, òórùn rọ́bà ni, yóò sì lọ. Ẹni tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà àwọn nọ́ọ̀sì máa ń mú kí ara rẹ̀ yún tàbí kí ó wú, kí ó má ṣe rà á rárá.

Bí owó látẹ́ẹ̀sì kò bá sí lọ́wọ́, fóòmù lásán tó le díẹ̀, tó nípọn tó ínṣì 2, tí kì í jẹ́ kí ara rì, sàn fún ẹni tí ooru ń mú ju mẹ́mọ́rì fóòmù olówó iyebíye lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùtajà kò ní gbà pẹ̀lú mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tan yín pẹ̀lú ìnípọn: bí tọ́pà rírọ̀ bá ṣe nípọn sí i ni ara ṣe ń rì sí i, ibi tí ara bá rì sí ni ooru ń kó jọ sí. Ínṣì 2 tó fún ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, tí ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, lè ra ínṣì 3. Ti ínṣì 4, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú òtútù. Bí fóòmù ìsàlẹ̀ bá sì ti jìn kòtò láàrin, kò sí tọ́pà tí yóò dí kòtò náà, yóò kan tẹ̀ lé e wọ inú rẹ̀ ni.

Àwọn kan tí wọ́n ní ẹbí lókè òkun máa ń béèrè nípa tọ́pà irun àgùntàn. Àgùntàn tí a ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tó ń jẹ̀ káàkiri Ìta Ẹlẹ́wà, nítorí irun pẹlẹbẹ ni tàwọn àgùntàn tiwa, wọn kò ní irun dídì tí a lè ran di òwú. Irun àgùntàn ìlú òtútù lè fa ọ̀rinrin mu tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ kí ó tó máa tutù lọ́wọ́, nítorí náà kò burú fún ẹni tó ń làágùn. Ṣùgbọ́n ó gbówó lórí, kò ṣe é fọ̀ bó ṣe wuni, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Òwú àràbà tí àwọn àgbà fi ń ki ìrọ̀rí fúyẹ́, ọ̀rinrin kì í sì í dúró lára rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń ṣù jọ. Ìtẹ́lé onífáíbà tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú máa ń rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu, ara a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí ojú kò ní tì mí láti dárúkọ pẹ̀lú gbogbo ọjà olówó iyebíye wọ̀nyí, ẹní ni. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, máa ń tẹ́ ẹní sórí fóòmù wọn láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú títí òjò yóò fi dé, wọn a sì ta ìró àǹkárá tó ti gbó lé e. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn pé àwọn ra tọ́pà, wọ́n béèrè iye tí a rà á, wọ́n gbọ́, wọ́n ní, “Ó dáa náà, ọmọ mi. Ẹní tèmi ṣì wà níbẹ̀.” Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Koríko tí wọ́n fi hun ẹní kì í rì, àlàfo wà láàrin rẹ̀, ìwọ̀nba ibi tó ga nínú rẹ̀ nìkan ni awọ ara ń kàn, afẹ́fẹ́ sì ń rí ààyè gba abẹ́ ẹ̀yìn. Àǹkárá tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà jẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òógùn a sì máa tètè gbẹ lára rẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ó le fún ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ó sì máa ń tètè já bí fóòmù ìsàlẹ̀ bá rọ̀ jù. Ẹni tí kò bá tíì lówó tọ́pà lọ́wọ́ lè fi ṣe ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí ná.

Aṣọ tí a bá tẹ́ sórí tọ́pà lè ba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì pọliẹ́sítà tó ń dán, tí àwọn ìyàwó tuntun fẹ́ràn, kì í fa omi mu. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i lójú kí ẹ tó rà á: lórí òwú gidi, omi yóò wọlé, yóò sì tàn ká, lórí pọliẹ́sítà, yóò dúró kóró tàbí kí ó yọ̀ kúrò. Òwú tuntun tí ń bẹ nínú sítáṣì lè kọ omi lákọ̀ọ́kọ́, nítorí náà ẹ wo àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ tí wọ́n kọ oparun sí lára, oparun tí wọ́n ti fi kẹ́míkà yọ́ di omi, tí wọ́n sì ran di òwú tuntun ni. Ó rọ̀, ó sì ń fa òógùn mu, kò kàn yẹ kí ẹ san owó rẹ̀ bí ẹni pé láti inú igbó ló ti wá tààrà.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìlera, èyí tí n kò ní fi gùn. Òógùn òru tó ń mú aṣọ rin gbingbin kódà nígbà ọyẹ́, pàápàá bí ibà, ikọ́ tí kò lọ tàbí rírù bá tẹ̀ lé e, lè jẹ́ àmì ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àìsàn mìíràn, ilé ìwòsàn sì ni a ń gbé irú rẹ̀ lọ. Àwọn oògùn kan náà máa ń mú ènìyàn làágùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí dókítà kí a tó lọ sí Sábó, dókítà náà ló sì sọ fún wọn pé ti ọjọ́ orí ni. Lórí látẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń sùn lé báyìí, ooru náà ṣì ń dé bó ṣe ń dé tẹ́lẹ̀, nítorí tọ́pà kì í ṣe oògùn rẹ̀; ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀yìn wọn kì í rin mọ́ lẹ́yìn tó bá ti kọjá, wọ́n sì ń rí oorun sùn padà láìdìde pààrọ̀ aṣọ.

Ìtọ́jú látẹ́ẹ̀sì kò le, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti fóòmù tí a ti mọ̀. Àṣà wa ni pé kí a gbé fóòmù síta kí oòrùn pa á. Látẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ rí oòrùn tààrà, nítorí oòrùn máa ń mú kí ó le, kí ó sì máa rún. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ nà án sí, kí ẹ sì yí i padà bí ẹ bá ń gbé e wọlé. Láàárọ̀, ẹ má ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́gán tí ẹ bá dìde. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹ ó fi wẹ̀ tán, kí ọ̀rinrin òru lè jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bò ó. Bí ọmọ tó ń tọ̀ bá ń bá yín sùn, ibi tí ọmọ náà ń sùn sí nìkan ni kí ẹ tẹ́ rọ́bà sí, kí ẹ sì fi aṣọ inura tó nípọn bò ó. Ẹ má ṣe fi rọ́bà bo gbogbo orí tọ́pà nítorí ọmọ kan.